Ooru ń jáde nínú àpò ọkà bàbà mi: kòkòrò ti ba ọkà ìpọntí jẹ́

Àdùkẹ́Apọntí (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà bàbà ni mo ń pọn, díẹ̀díẹ̀, fún ìnáwó àti fún àwọn tó máa ń wá rà á nílé. Lóṣù Kejìlá tí ọkà wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ rọjú, mo ra àpò méjì lọ́jà Wazo. Ó mọ́ roro, n kò rí kòkòrò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi ti ògiri, mo sì tilẹ̀kùn. Àpò kan ti tán. Lánàá tí mo tú ìkejì, ooru ló kọ́kọ́ kọlù mí lójú, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ló bò mí lọ́wọ́, kòkòrò ń lọ wọ́n ń bọ̀ bí èrò ọjà. Mo rẹ ìdajì kóńgò wò, èyí tó hù níbẹ̀ kò tó ìdajì.

Mo tún ní ọkà híhù tí mo ti sá gbẹ láti oṣù Kejì. Àpò lásán ni mo rọ ọ́ sí. Ìyẹn kò ní kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀, kò dún lẹ́nu mọ́.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Níbo ni wọ́n gbà wọlé?

Bọ̀dáTákíè
Ọtí ọkà nílùú onítẹ̀bọmi! Láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ti wà níbí, ìwọ ń pọntí. Mo ń ṣeré ni o, bá mi fi igbá kan pamọ́.

Má da ara rẹ láàmú. Ra ọ̀tápíápíá ìgò kan, wọ́n ọn yí àpò ká, wọ́n díẹ̀ sínú, di ẹnu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo wọn á ti kú. Ohun táwọn kan ń ṣe sí ẹ̀wà nìyẹn.

ÌyáAjáwà
Ìwọ ọmọ Tákíè yìí, ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mu ọtí náà? Ohun tó ń rùn débi téèyàn fi ń sín lo fẹ́ kó wọ ikùn ọmọ ọlọ́mọ. Àdùkẹ́, má dá a lóhùn.

Nílé ìyá mi, a kì í pakà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣírí ọkà la ó dì ní ìdì-ìdì, a ó gbé e sórí àjà lókè ààrò. Èéfín àárọ̀ àti ti alẹ́ ni yóò máa rú sí i lára títí yóò fi dúdú bí àjà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ rẹ ọkà la tó sọ ìdì kan kalẹ̀, tí a pa á, tí a fẹ́ ẹ. Irúgbìn ní tiẹ̀, inú akèrègbè ló ń wọ̀. Ó ní láti kún dé ọrùn, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i títí àkọ́rọ̀ òjò. Mo bi ìyá mi nígbà kan pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ kún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bí àyè bá wà, àlejò á wà." N kò bi í mọ́.

Gáàsì la fi ń dáná báyìí. Èéfín wo la fẹ́ rí?

Akẹ́kọ̀ọ́UnderG
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Akèrègbè ìyá yín yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí máa padà sí, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, kòkòrò yẹn kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rù ú wálé láti ọjà. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ wò ó dáadáa: ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bí ọwọ́jà erin. Ẹnu yìí ni abo rẹ̀ fi ń gbẹ́ ihò tín-ín-rín sára horo ọkà. Yóò yé ẹyin kan síbẹ̀, yóò sì fi nǹkan kan bí oje lẹ ojú ihò náà pa. Ojú lásán kò lè rí i, ìdí nìyẹn tí ọkà yín fi mọ́ roro lóṣù Kejìlá. Ìdin tó bá pa nínú ẹyin náà kì í jáde síta. Inú horo ló ti ń jẹ, tó ń tóbi, títí tí yóò fi di kòkòrò pátápátá tí yóò sì lu ihò jáde. Nínú ooru tiwa yìí, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Láti oko gan-an ni òmíràn ti wọ inú ọkà, kí wọ́n tó kórè. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún yìí, ó ti tó ìran mẹ́rin, abo kan sì lè yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ooru tó kọlù yín lójú, èémí wọn ni. Ohun tó bá ń mí á máa mú ooru àti ọ̀rinrin jáde. Ọ̀rinrin náà á gòkè, á tutù sókè àpò, èébu á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo òkè àpò náà bóyá ẹ máa rí ibi tó di kókó, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé.

Ní ti híhù, horo tí ìdin ti jẹ inú rẹ̀ kò lè hù dáadáa. Ọkà tí kò bá sì hù, sítáàṣì inú rẹ̀ kò ní di ṣúgà, kí ni ìwúkàrà máa wá jẹ? Ẹni tó ń lọ ọkà fún ẹ̀kọ lè fẹ́ kòkòrò dànù kó máa bá iṣẹ́ lọ. Apọntí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkà alààyè lẹ nílò.

Bọ̀dá Tákíè, dichlorvos, májèlé kòkòrò tó le, ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn yẹn. Ní 2019 ni NAFDAC gbé ẹsẹ̀ lé títa ìgò kékeré 100ml rẹ̀. Oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Bọ̀dáTákíè
Mo ti gbọ́. Mo tẹ́.

Àdùkẹ́Apọntí
Mo wo òkè àpò. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tó igbá méjì, ó funfun, àwọn kan ní àwọ̀ ewé. Ó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa tí wọn kò sá.

Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á pé èmi ni mo rù wọ́n wálé. Mo tún sanwó alábàárù lé e.

Ọlọ́kàÀkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọkà ni mo ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun táwa ọlọ́kà kì í sábà sọ. Àwọn kan nínú wa máa ń da ti èṣí mọ́ ti ọdún yìí. Kí o tó sanwó, bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ àpò, má bu u láti òkè, kí o dà á sínú omi. Èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo á léfòó. Tí èyí tó léfòó bá pọ̀, kí ọlọ́kà rọra gbé àpò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ. Ọkà tí kò gbẹ, kò sí ọgbọ́n tó lè gbà á. Àwọn tó mọ̀wé ní kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Èmi kò ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, iyọ̀ ni mo ń lò. Wá ìgò tó gbẹ táútáú, da ọkà sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ lé e, dé e, mì í fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí o sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà ṣì tutù, padà lọ sá a. Bí kò bá lẹ̀, o lè rọ ọ́ pamọ́. Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ o. Sá a sóòrùn tàbí yan án kí o tó lò ó, kó má baà purọ́ mọ́ ọkà.

Má sì gbé àpò sórí sìmẹ́ǹtì lásán láé, má fi ti ògiri. Sìmẹ́ǹtì máa ń fa omi. Fi igi sábẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ lè kọjá láàárín òun àti ògiri. Ìyẹn náà ló máa jẹ́ kí o rí ipa eku.

PọntíNílé (ọ̀nà Àwẹ́)
Ẹ kú ìjíròrò. Bíà ni èmi ń pọn nílé, fún ara mi àtàwọn ọ̀rẹ́. Mọ́ọ̀tì ọkà báálì, ìyẹn báálì tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì sá gbẹ, tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti kọjá agbára, ni mo bá padà sí ọkà bàbà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńlá náà ti padà síbẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilé wa ni wọ́n fi ń ṣe bíà kárí Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ ọkà híhù tó rọ̀ ni mo fẹ́ bá Àǹtí Àdùkẹ́ sọ, torí ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Ọkà tútù tí a fẹ́ mú hù gbọ́dọ̀ wà láàyè. Èyí tó ti hù tí a sì ti sá gbẹ ti parí iṣẹ́ híhù, kí ó ya lẹ́nu bíi gúgúrú la ń fẹ́. Ohun tí a ń fẹ́ yàtọ̀, ewu wọn náà yàtọ̀. Èyí tó ti hù yìí máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́ bíi kànìnkànìn. Ẹ gbé e kalẹ̀ sínú àpò lásán láti oṣù Kejì tí ọyẹ́ ń parí títí di ìgbà òjò, dandan ni kó rọ̀.

Ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa kí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ àti ẹ̀hù rẹ̀ jábọ́, kí ẹ fi atẹ fẹ́ ẹ dànù kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Gbòǹgbò yẹn ló ń fa omi jù, ó sì korò. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀hù ọkà bàbà ní ohun kan tó ń di májèlé sáyánáìdì. Ara ẹ̀hù àti gbòǹgbò ló pọ̀ sí jù. Ẹ má dà á fún ewúrẹ́ o.

Kí ẹ sì má lọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ pọntí ni kí ẹ lọ̀ ọ́. Kòkòrò pupa pẹlẹbẹ kan wà tí kò lágbára láti wọ odidi horo, ṣùgbọ́n tó bá ti rí ìyẹ̀fun tàbí èyí tó fọ́, ilé rẹ̀ nìyẹn.

Tèmi, fíríísà ni mo kọ́kọ́ ń gbé gbogbo rẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú otútù tó rẹlẹ̀ dé 18 nísàlẹ̀ òdo, pẹ̀lú ẹyin inú horo ló ń kú. Nínú ọ̀rá tí a dì pa ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u títí ọjọ́ kejì tí yóò fi kúrò ní tútù, torí tí ẹ bá tú u ní tútù, ìrì á sẹ̀ sára rẹ̀, iṣẹ́ á sì bàjẹ́.

Bọ̀dáTákíè
Fíríísà! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Àdúgbò wo ni wọ́n ti ń rí iná ọ̀sẹ̀ kan gbáko?

PọntíNílé
😂 Sólà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

ỌmọÌlọ́ra
Kí lẹ ń da ara yín láàmú fún? Ewé dógóyárò gbígbẹ, ata gbígbẹ àti eérú ni bàbá wa ń dà mọ́ àgbàdo, a sì ń jẹ ẹ́ dọ́dún.

ÌyáAjáwà
Irọ́ kọ́ lo pa. Mo ṣe é fún ẹ̀wà, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ọtí kì í fi nǹkan bò. Ọdún kan ni mo da ewé dógóyárò sí ọkà tí mo fẹ́ fi pọntí ìsìnkú. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, ọtí náà ṣì korò bí àgbo ibà. Àwọn ọkọ ilé mu ún torí ọ̀wọ̀ òkú. Ata ń kù sínú ẹ̀hù, eérú ń mú kí omi rẹ̀ yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, kò sì ní kan bó ṣe yẹ. Fi eérú sí èyí tí o máa gbìn. Má fi sí èyí tí o máa mu.

Akẹ́kọ̀ọ́UnderG
Màmá ti fọ̀rọ̀ síbi tó yẹ. Mo fẹ́ fi kan kún un: NSPRI, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí títọ́jú irè oko, Ìlọrin níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní NSPRI Dust. Ara ohun tó ti di òkúta nísàlẹ̀ omi látayébáyé ni wọ́n ti rí i. Kì í ṣe májèlé. Ṣe ló ń fa ọ̀rá tó wà lára kòkòrò kúrò, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á kú. Ẹ lè fi sí ọkà tí ẹ máa rẹ, torí ẹ ó fọ̀ ọ́. Ẹ má fi sí èyí tó ti hù, torí ìyẹn kì í padà sínú omi kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí akèrègbè. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kún, tó sì gbọ́dọ̀ dí pa, ni pé kòkòrò inú rẹ̀ á mí títí yóò fi mu ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán. Nígbà tí kò bá sí mọ́, wọn ò lè jẹun, wọn ò lè yé ẹyin, wọ́n á gan síbẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́ kù lókè, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á gbé wọn ró fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ohun tí ìyá Màmá pè ní àlejò nìyẹn. Àpò PICS tí wọ́n ń tà báyìí kò ní àṣírí míì: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú, àpò lásán níta. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọgbọ́n yẹn lórí ẹ̀wà, àwọn ará Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ń bá wọn ṣe é.

Bọ̀dáTákíè
Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rí i lórí WhatsApp pé kí a tan àbẹ́là sórí ọkà nínú dúrọ́ọ̀mù, kí a dé e pa. Àbẹ́là á jó afẹ́fẹ́ tán, ó parí.

AkẹkọọUnderG
Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n 21 nínú 100 ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Àbẹ́là á ti kú nígbà tó ṣì kù nǹkan bí 16. Kòkòrò ń fi 16 jó ni. Ọkà tó kún dé ẹnu ṣiṣẹ́ ju àbẹ́là lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀: Phostoxin, oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú ọkà. Òun pa kòkòrò lóòótọ́, pẹ̀lú ẹyin. Ṣùgbọ́n gáàsì ló ń di bí ọ̀rinrin bá kàn án, horo oògùn kan tó wúwo tó gíráàmù 3 ń tú nǹkan bíi gíráàmù 1 gáàsì jáde. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Àǹtí Àdùkẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Èèyàn ń sùn sí yàrá kejì. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọlọ́kàÀkẹ̀sán
Amin sí ìyẹn. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti gbé èèyàn méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ yẹn. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀdùkẹApọntí
Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní ìbéèrè méjì. Ṣé mo lè sá èyí tó kù sórí páànù nínú oòrùn líle kí ìdin inú rẹ̀ kú? Ṣé kí n sì bu èyí tó bu fún adìẹ?

PọntíNílé
Ti páànù: rárá, bí ẹ bá fẹ́ kó hù. Ooru páànù tó lè pa ìdin lè pa ọmọ ọkà pẹ̀lú. Orí tapólì ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa rú u. Àgbà kòkòrò á sá lọ, àwọn tó wà nínú horo kò ní kú, dídí pa ló máa parí iṣẹ́ wọn.

Ọlọ́kàÀkẹ̀sán
Adìẹ ń jẹ kòkòrò, ẹ bu ú fún wọn. Kí ló dé?

AkẹkọọUnderG
Bàbá, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀ káàtó. Èyí tí kòkòrò jẹ lásán, adìẹ lè jẹ ẹ́. Èyí tó bu, tó di kókó, tó ní àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kí aflatoxin, májèlé tí èébu ń ṣe, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ti èèyàn àti ti adìẹ. Sísè kò pa á, pípọn ọtí náà kò pa á, fífọ̀ kò mú un kúrò tán. Kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́kàÀkẹ̀sán
Ó dáa. Mo gbà, bó tilẹ̀ dùn mí lọ́kàn pé ọkà ń lọ sábẹ́ ilẹ̀.

ÀdùkẹApọntí (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bo igbá méjì àti àbọ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó yí i ká. Mo sẹ́ ìyókù, mo fẹ́ ẹ, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ìgò lọ́jọ́ kìíní, ó lẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ó ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. N kò rí àpò PICS rà nítòsí, mo fi kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò mẹ́ta ṣe é. Mo kún wọn dé ẹnu, mo gbọ̀n wọ́n kí ọkà jókòó, mo tún kún wọn, mo fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí n tó yí i pa. Igi wà lábẹ́ wọn. Ọkà híhù tó rọ̀, mo tún un sá, mo ra gbòǹgbò rẹ̀ kúrò. Ó ti ń dún lẹ́nu padà, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro kan: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jọ́ kẹjọ láti wò ó bóyá wọ́n ti kú.

ÌyáAjáwà
Ṣé wọ́n ti kú?

ÀdùkẹApọntí
Ó ní méjì ṣì ń mi ẹsẹ̀, Màmá.

ÌyáAjáwà
Dé e padà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti òní. Oṣù kan gbáko. Kí o sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó.